Báwo ni a ṣe lè ya máàpù ewu iná igbó fún abúlé wa kí ọyẹ́ tó dé?

Àgbẹ̀ Kwali:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àwa Yorùbá kan ń dá oko kaṣú àti iṣu ní agbègbè Kwali ní Abuja, láàárín àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀. Bí òjò bá ti dá tán ní oṣù kọkànlá, tí koríko ọ̀dàn sì gbẹ, ọkàn wa kì í balẹ̀ mọ́ títí di oṣù kẹta. A fẹ́ ya máàpù tí gbogbo abúlé yóò fi múra sílẹ̀. Ṣé ibi tí iná ti jó rí nìkan ni kí a máa wò?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Gwagwalada:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní máàpù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ FIRMS, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń fi ibi tí sátẹ́láìtì ti rí ooru iná hàn láàárín nǹkan bíi wákàtí 3. Ẹ̀rọ méjì lórí àwọn sátẹ́láìtì náà, VIIRS àti MODIS, ló ń rí ooru náà: àmì kan láti ọ̀dọ̀ VIIRS dúró fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 375, ti MODIS sì tó kìlómítà 1, nítorí náà kò lè sọ oko ẹni tó ń jó gan-an, iná kékeré tó bá sì kú kí sátẹ́láìtì tó kọjá lè má hàn rárá. Ẹ wo ti ọdún mélòó kan pọ̀, ẹ óò rí ibi tí iná ń padà sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tó ń gbé iná rìn kún un: koríko gíga, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, nítorí iná tó ń gun òkè a máa yára gan-an, àti ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn. Igbó tó wà ní ìhà yẹn sí abúlé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fiyè sí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni ohun tí iná yóò bá níbẹ̀. Pápá tó ń jó lọ́dọọdún tí kò sẹ́ni níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún yín tó ilé olórùlé koríko díẹ̀, àká iṣu, tàbí oko kaṣú tí a bá tún gbìn tí yóò gba nǹkan bí ọdún 3 kó tó so.

Ìyá Kaṣú, Kuje:
Àbúrò mi sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ya máàpù náà láìpe àwọn tó ń dáná. Àgbẹ̀ ń jó koríko tó ṣán, ọdẹ ń jó igbó kí ẹran lè jáde, darandaran ń jó o kí koríko tútù lè hù, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tó ń sun èédú. Ẹ pe gbogbo wọn sọ́dọ̀ olórí abúlé, kí ẹ jọ ya máàpù náà sórí ilẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ sàmì sí kànga, àti ọ̀nà tí àwọn arúgbó lè gbà jáde.

Àgbẹ̀ Kwali:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá. Bí a bá ti mọ ìhà tó léwu jù, kí ni kí a ṣe níbẹ̀?

Ìyá Kaṣú, Kuje:
Ẹ ro ilẹ̀ tóóró kan mọ́ yí oko àti ilé ká, kí iná má lè kọjá. Bí ẹ óò bá jó koríko ìta rẹ̀, ẹ jó o ní kété tí òjò bá dá, nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, ní ìdájí kí afẹ́fẹ́ tó dìde, kí gbogbo àwọn aládùúgbò sì mọ ọjọ́ náà ṣáájú.