Ṣé kí n jó dífù mọ́tò mi pọ̀ àbí kí n fi sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. BMW E36 318i ni mò ń wà, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, mo sì fẹ́ máa fi ṣe drift (kí ẹ̀yìn mọ́tò máa yọ̀ gba kọ́nà) ní pápá tí wọ́n ti ń sáré mọ́tò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá tẹná ní kọ́nà, táyà inú nìkan ló máa ń yí lásán tó ń yọ èéfín, èkejì á kàn máa wòran. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tú dífù, ìyẹn àpótí gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kí n jó gíà inú ẹ̀ pọ̀, pé owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Àmọ́ mọ́tò yìí náà ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ o. Kí lẹ rí sí i?

Bọ̀dáKọ́nà: Ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́. Dífù lásán, táyà tí ilẹ̀ ò dì mú ló ń pinnu agbára tí èkejì máa rí, tí ọ̀kan bá ti ń yọ̀ ó parí. Tó o bá jó o, méjèèjì á jọ máa yí tipátipá, wàá sì ti mọ ohun tí ẹ̀yìn mọ́tò fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Jó o jàre.

ÌyáOníTáyà: Bọ̀dá ẹ rọra o, ẹni tó fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́ lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Àbúrò, tí mọ́tò bá ń ya kọ́nà, ọ̀nà tí táyà ìta ń rìn gùn ju ti inú lọ, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi dífù sí i. Tó o bá ti so wọ́n pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Tó o bá ń páàkì á máa han, á máa ta gbì gbì lábẹ́, iwájú ò ní fẹ́ yà, táyà á tètè jẹ. Ìyẹn ṣì kéré, òjò ni kó o bẹ̀rù! O tẹná díẹ̀ ní kọ́nà tó tutù, táyà méjèèjì á yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó kù tó máa di ẹ̀yìn mọ́tò mú.

Ajórinmọ́rin: Iṣẹ́ mi nìyí. Gíà yẹn irin líle ni, tó o bá gbé iná lé e ní tútù, ojú ibi tó o jó máa sán. Tú gbogbo ẹ̀, yọ béárìn, fọ ọ́ìlì kúrò pátápátá torí ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí ojú jíjó lu ihò, fi iná yá a dáadáa, jó o kó wọlé, kó o jẹ́ kó rọra tutù fúnra ẹ̀, má da omi sí i o. Tó bá lọ já lójú ọ̀nà, irin wẹ́wẹ́ á wọ àárín kíráùn (gíà ńlá inú dífù) àti píníọ̀n (gíà kékeré tó ń yí i), gbogbo dífù ló lọ yẹn. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá gbé e jáde, da ọ́ìlì ẹ̀ nù kó o wò ó bóyá irin wà níbẹ̀. Ṣáfùtì ẹsẹ̀, ọ̀pá tó ń yí táyà, náà á máa jìyà, fi kan pamọ́.

Kékeré_Mẹkáníìkì: Tèmi táyà iwájú ló ń fà á, ṣé mo lè jó o?

Ajórinmọ́rin: Láéláé. Sítíárìn á máa já mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Bọ̀dáKọ́nà: LSD náà wà o, dífù tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa yí lásán kí èkejì máa wòran, àmọ́ ó wọ́n. Oní-clutch máa ń jẹ, onígíà bíi Torsen kì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n tí táyà kan bá ti kúrò nílẹ̀ kò yàtọ̀ sí dífù lásán mọ́.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Tí mo bá ra dífù àlòkù kan kí n jó ìyẹn, kí n máa gbé e wọlé lọ́jọ́ pápá nìkan ńkọ́?

ÌyáOníTáyà: Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́.

Ajórinmọ́rin: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dífù 318i, 168mm ni (bí kíráùn inú ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn), ti ọ̀pọ̀ E36 onísílíńdà 6 ló jẹ́ 188mm, má lọ ra èyí tí ò ní wọlé. Kó o tó sanwó, di píníọ̀n mú kó o yí ẹ̀gbẹ́ kan: dífù lásán, ẹ̀gbẹ́ kejì á yí lódì sí i. Tó bá kọ̀ tí ò yí rárá, ẹnì kan ti jó o ṣáájú ẹ. Tó bá yí àmọ́ tó le koko, ó lè jẹ́ LSD ló wà ńbẹ̀, yáa sanwó kí ẹni tó ń tà á tó mọ̀ 😂