Mustang 1966 mi kì í fẹ́ sítáàtì tó bá ti gbóná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mustang 1966 ni, ẹ́ńjìnnì V8 289 ló wà nínú ẹ̀, ní Houston níbí, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Láàárọ̀ ó máa ń sítáàtì wẹ́rẹ́, àmọ́ tí mo bá páàkì ẹ̀ sóòrùn fún bíi ìṣẹ́jú 20 wàhálà dé, epo á kàn máa rùn, àfi kí n tẹ tòtú (ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré) mọ́lẹ̀ pátápátá kó tó jí. Mo rò pé epo inú kabúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì) ló ń hó, torí epo ìsìnyí tí wọ́n po ethanol (irú ọtí kan) mọ́ tètè máa ń hó. Ṣé kí n fi spacer (ohun pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí ooru ẹ́ńjìnnì tètè dé kabúrétọ̀) sábẹ́ kabúrétọ̀ ni, àbí kí n wá epo tí ò ní ethanol? Mi ò fẹ́ yọ kabúrétọ̀ yẹn o.