Èwo ni kí n mú nínú àṣà Kòríà tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa?

Àdùkẹ́ Seoul: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi rèé ní Seoul, sẹ̀mísítà kan péré ni mo wá lò kí n tó padà sí fásitì mi ní Nàìjíríà. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní kí oníkálukú mú nǹkan méjì: wíwọ hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, lọ sí ààfin Gyeongbokgung, ṣíṣe kimchi, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí wọ́n ń jẹ, kíkọ́ ìlù janggu, tàbí sísùn mọ́jú ní tẹ́ḿpìlì Búdà. Hanbok ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sáré mú nítorí fọ́tò. Fọ́tò wu èmi náà, àmọ́ n ò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni màá gbé dé ilé. Tẹ́ḿpìlì ló wù mí jù. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, ohùn wọn yí padà: "Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ lọ forí balẹ̀ fún ère?" Láti ìgbà náà lọkàn mi ò ti balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ gbà mí níyànjú.

Ẹ̀gbọ́n Daegu: Àdùkẹ́, o kú ìrìnàjò. Má fi hanbok ṣe ọ̀kan nínú méjì rẹ, o lè dá ìyẹn ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń háyà rẹ̀ pọ̀ lágbègbè ààfin, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ kì í sanwó ìwọlé. 3,000 won ni àwọn àgbà yòókù ń san. Má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n máa ń tì í. Tó o bá débẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, wàá rí bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ọdún 1395 ni wọ́n kọ́ ààfin yẹn. Kí o sì rántí pé etí òsì ẹ̀wù òkè, jeogori, ló ń bo ti ọ̀tún.

Bọ́sẹ̀ Jeonju: Àbúrò mi, ọmọ ìjọ ni mí, mo sì sùn ní tẹ́ḿpìlì mọ́jú. Ọdún 2002 tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù àgbáyé lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò báyìí, wọn kì í bi ọ́ pé ẹ̀sìn wo lò ń ṣe. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìdínláàádọ́fà, tí wọ́n á máa sín ìlẹ̀kẹ̀ kan bí wọ́n bá ti forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iwájú Búdà náà sì ni. Mo sọ fún àlùfáà wọn pé ìgbàgbọ́ mi ò gbà mí láyè, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ kí n máa sín ìlẹ̀kẹ̀ tèmi. Ẹ jẹ́ kí màmá mọ̀ pẹ̀lú pé irú ìforíbalẹ̀ yìí làwọn ọmọ Kòríà ń ṣe fún bàbá àti ìyá wọn ní ọdún tuntun, Seollal.

Oúnjẹ ibẹ̀ ni n ò lè gbàgbé. Abọ́ mẹ́rin, kò sí ẹran, kò sí àlùbọ́sà. Nígbà tá a jẹun tán, wọ́n bu omi sínú abọ́ wa, a fi ègé radish kan, gbòǹgbò bíi kárọ́ọ̀tì, nu ìdí rẹ̀ yíká, a jẹ radish náà, a sì mu omi ọ̀hún. Hóró ìrẹsì kan ò ṣòfò.

Ìyá Àríkẹ́: Kimchi ni kó o ṣe, ọmọ mi. Látọdún 2013 ni UNESCO ti ka kimjang, àpapọ̀ ṣíṣe kimchi, mọ́ ogún aráyé. Wọ́n á ti fi iyọ̀ rẹ kábéèjì mọ́jú, ẹ̀yin á wá máa fi ata, aáyù, atalẹ̀ àti edé oníyọ̀ pa á lára, ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Màmá àgbà tá a jọ jókòó fa ewé kan ya, ó fi ata yí i, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi sí mi lẹ́nu. Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe torí ata. Lọ́jọ́ kan náà ni mo ṣí ìkòkò doenjang, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n gún tí wọ́n sì jẹ́ kó kan, tí òórùn irú gbà mí nímú! Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ tètè sọ̀rọ̀ o: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísè ni wọ́n sábà ń fi jẹ kimchi tuntun.

Àyànwálé: Èmi ò fara mọ́ ọn. Tẹ́ḿpìlì, òru kan. Kimchi, ọ̀sán kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ ó máa kọ́ ìlù yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló máa fún ọ ní ọ̀rẹ́. Ilé àyàn ni wọ́n bí mi sí. Ọjọ́ tí mo rí janggu, àyà mi já: ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, awọ lójú méjèèjì, okùn láti etí dé etí, bíi dùndún gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í fún okùn rẹ̀ nígbà tá a bá ń lù ú. Awọ kékeré ara okùn ni wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn kí ohùn tó le tàbí kó dẹ̀. Kòǹgó olórí roboto, gungchae, ń lu ojú òsì tó ń dún wúwo. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, yeolchae, ń lu ọ̀tún. Nínú samulnori, ìlù méjì àti agogo méjì tí wọ́n jọ ń lù pọ̀, wọ́n ní janggu ni òjò, agogo kékeré ni mànàmáná.

Àdùkẹ́ Seoul: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n tún ka ti abọ́ yẹn, wọ́n wá ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n jókòó jẹ́ẹ́ bíi ti yín. Tẹ́ḿpìlì àti janggu ni mo kọ sílẹ̀. Ìyá Àríkẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín ṣe kimchi tí òtútù bá dé. Ẹ̀gbọ́n Àyàn, ọlọ́wọ́ òsì ni mí o, ṣé mo lè lù ú?

Àyànwálé: Ọwọ́ òsì gan-an ló ń mú gungchae. Lọ jókòó síwájú.