Ẹ gbà mí o, lánlọ́ọ̀dù ò fẹ́ dá owó káṣọ̀n mi padà

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀ṣun: Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ta ló mọ loya tí kò wọ́n tàbí ẹnikẹ́ni tó lè bá mi gba owó káṣọ̀n mi (owó tí mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù torí ohun tó bá bàjẹ́ nílé), ₦200,000 ni, mo ti kó jáde, lánlọ́ọ̀dù ní òun á fi kunlé òun á fi tún kíṣìnì ṣe, ó tún ní owó náà ò tiẹ̀ tó, kí n mú ₦85,000 wá sí i. Ṣáṣá ni. Ibi tí mo kó lọ ṣì ń retí bálánsì lọ́wọ́ mi, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Bàbá_Ràsìdì: Ṣáṣá Ìbàdàn àbí ti Èkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá? Ọwọ́ ejẹ́ǹtì lowó wà àbí ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù gan-an? Tó bá jẹ́ Èkó, òfin ilé gbígbé 2011 ní rìsíìtì káṣọ̀n gbọ́dọ̀ dá wà lọ́tọ̀ sí ti rẹ́ǹtì, kí wọ́n sì máa kọ bí wọ́n ṣe ń ná an sílẹ̀ fún ẹ ó kéré tán lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni àwọn àdúgbò tí òfin yẹn ò dé.

Ìyá_Ìbejì: Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ má ṣáà lọ bá ọlọ́pàá o!!! Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Bàbá onílé di ₦150,000 wa mú, àbúrò ọkọ mi ní òun mọ ẹnì kan ní téṣàn, a lọ. Bàbá dé pẹ̀lú ìwé bíríkìlà àti ti pẹ́ńtà, irọ́ ni gbogbo ẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ ò wọlé wa rí. A san owó epo ọkọ̀ wọn, àbúrò ọkọ mi gbóhùn sókè wọ́n tì í mọ́lé, a tún san owó béèlì. Owó tó ti jáde lápò wa ti fẹ́ẹ̀ tó káṣọ̀n náà, bàbá sì sọ fún gbogbo ejẹ́ǹtì àdúgbò pé oníjàngbọ̀n ni wá, kò sẹ́ni tó fún wa nílé níbẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Fẹ́mi_Agége: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Béèlì ọ̀fẹ́ ni o, òfin ọlọ́pàá 2020 sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn ní kántà.

Onílé_Àyọ̀bọ́: Ẹ̀yin téńáǹtì náà, ẹ sọ tẹnu yín. Ẹni tó kó kúrò nílé mi yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, sínkì fọ́, èéfín sítóòfù ti sọ ògiri kíṣìnì di dúdú. Káṣọ̀n ẹ̀ ò ká ìdajì. Ta ló fẹ́ kí n ní kó tún un ṣe?

Fẹ́mi_Agége: Sínkì tó fọ́, ẹ yọ owó ẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó ṣá fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ilé tó gbó àti ilé tí wọ́n bà jẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù ẹ fẹ́ fi káṣọ̀n ẹni tó ń lọ kunlé de ẹni tó ń bọ̀.

Onílé_Àyọ̀bọ́: Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kọ́lé tìẹ ná.

Ṣeun_Peckham: Níbí ní London, láàárín 30 ọjọ́ ni lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fi dẹ̀pọ́síìtì (káṣọ̀n tiwa níbí) sí skíìmù tí ìjọba fọwọ́ sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kóòtù lè ní kó san tó ìlọ́po mẹ́ta fún ẹ. Lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá_Ràsìdì: Ṣáṣá ló ní o, Ṣeun. Àbẹ̀kẹ́, tó bá jẹ́ ti Èkó, má wá loya. Small Claims wà ní kóòtù májísíréètì, gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 lọ ni tiwọn, wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Kọ́kọ́ kọ lẹ́tà bèèrè owó ẹ fún un, fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Tó ò bá fẹ́ kóòtù, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó á pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ṣé o ya fótò ilé kó o tó kó jáde?

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀ṣun: Ẹ ṣé gan-an o. Ti Èkó ni sà, fótò wà. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró de 60 ọjọ́. Mo pe ìyàwó lánlọ́ọ̀dù, obìnrin dáadáa ni, ó bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á fún mi ní ₦110,000 lálẹ́ òní, ọ̀rọ̀ ti ₦85,000 sì ti kúrò ńlẹ̀.

Bàbá_Ràsìdì: Gbà á, ṣùgbọ́n má fọwọ́ sí ìwé pé ó ti tán.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀ṣun: Mo ti fọwọ́ sí i sà. Álàátì ti wọlé.