Ẹja loach kékeré wo ló bá táǹkì lítà 90 mu?

Omi-Dákẹ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà nínú ẹja sísìn, mo kí yín o. Ó ti pé oṣù méje báyìí tí mo ti ń sin ẹja nínú táǹkì onígíláàsì kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, tí fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ sì jẹ́ 35, omi inú rẹ̀ kò sì ju bíi lítà 90 lọ. Neon tetra méjìlá, guppy márùn-ún àti edé pupa kéékèèké ni wọ́n jọ ń gbé inú rẹ̀. Yanrìn kíkúnná ni mo tẹ́ sísàlẹ̀, ewéko pọ̀ níbẹ̀, ooru omi náà kì í sì í kúrò láàárín 25 °C sí 26 °C.

Ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n bá ewéko kan wọlé, n kò sì fura títí wọ́n fi pọ̀ débi pé bí mo bá tan iná lóru, gíláàsì náà á rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Ẹni tí ó ń ta ẹja fún mi ní kí n ra clown loach méjì (loach ni àwọn ẹja onírùngbọ̀n tí ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ omi), ó ní kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi jẹ gbogbo wọn tán. Ẹja náà wù mí ní tòótọ́, nítorí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, ìlà dúdú mẹ́ta tí ó wà lára rẹ̀ sì dùn ún wò, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìmọ̀ràn náà. Ṣé ó bá táǹkì mi mu? Bí kò bá bá a mu, loach kékeré wo ni kí n mú, mélòó ni kí n sì kó pọ̀?

Àgbà-Odò fèsì:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ọmọdé ni clown loach tí ẹ rí yẹn. Odò Borneo àti Sumatra ni wọ́n ti ń wá, bí wọ́n bá sì dàgbà tán, wọ́n lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n sì lè lo ogún ọdún láyé. Bí ẹ bá to mẹ́ta wọn tẹ̀léra nígbà náà, ìrù ẹ̀kẹta kò ní rí àyè nínú táǹkì yín, bẹ́ẹ̀ méjì péré kò sì tó wọn, nítorí ẹja tí ń gbé lágbo ni wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dàgbà, ohun tí ó sì ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ nìyẹn.

Ní ti ìṣáwùrú, oúnjẹ àjẹkù ni ó ń sọ wọ́n di púpọ̀. Ẹ dín oúnjẹ kù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ègé kùkúḿbà kan sísàlẹ̀ omi lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé e jáde pẹ̀lú gbogbo èyí tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má tìtorí wọn da oògùn tí ó ní bàbà sínú omi o, edé yín ni yóò kú.

Bí ó bá wá jẹ́ pé loach wù yín fún ara rẹ̀, kuhli loach ni n óò mú fún irú táǹkì yìí, mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò, kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kò sì ní bá neon tàbí guppy jà. (Orúkọ Heinrich Kuhl, onímọ̀ nípa ẹranko, ará Jámánì tí ó kú sí erékùṣù Java ní 1821, ni wọ́n fi sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan rẹ̀ kan, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Pangio semicincta, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà lórúkọ náà. Ìtọ́jú kan náà ni.) Ẹ ti ní yanrìn, ìyẹn gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí kuhli bá ń jẹun, á ki orí bọ yanrìn, á gbá a sẹ́nu, yanrìn náà á sì máa dà jáde ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí ń dà lójú asẹ́. Irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀, tí ó dà bíi ti àrọ̀, ni ó fi ń wá oúnjẹ kiri. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú yóò bó o, ibẹ̀ á sì di egbò.

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n, ẹ ní kí wọ́n gbé igi tí wọ́n sá sí abẹ́ rẹ̀ kúrò, kí ẹ lè rí gbogbo wọn. Ẹ má mú èyí tí ikùn rẹ̀ wọnú, tàbí èyí tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kódà bó ń jẹun. Aràn ló sábà ń wà nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀.

Ìyá-Edé fèsì:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n lórí kuhli, àmọ́ ẹ wá nǹkan ṣe sí ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi àti ìdérí táǹkì kí ẹ tó kó wọn dé. Mẹ́fà ni mo rà. Nígbà tí ó tó oṣù méjì, mẹ́rin ni mò ń kà. Ọjọ́ tí mo tú ẹ̀rọ náà láti fọ̀ ọ́ ni mo bá ọ̀kan nínú rẹ̀, ó wà láàyè, ó tilẹ̀ sanra ju àwọn tó kù lọ, torí ìdọ̀tí ibẹ̀ ló ń jẹ. Èkejì ti gbẹ lẹ́yìn tábìlì. Àlàfo tí wáyà gbà kọjá ló gbà jáde, bẹ́ẹ̀ àlàfo náà kò fẹ̀ ju ìka kékeré lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi fóòmù bo ẹnu ọ̀pá tí ń fa omi, mo sì dí gbogbo ihò ìdérí.

Ẹ tún jọ̀wọ́, ife ni kí ẹ máa fi kó wọn, ẹ má lo àwọ̀n. Ẹ̀gún kékeré kan wà lábẹ́ ojú wọn kọ̀ọ̀kan tí ó máa ń há sí ojú àwọ̀n, bí ẹ bá sì fà á, ẹ óò ṣe wọ́n léṣe.

Ọmọ-Ewéko fèsì:

Èmi kò ní fara mọ́ kuhli pátápátá. Ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ láti má rí i lójúmọmọ. Dwarf chain loach, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Ambastaia sidthimunki, kì í ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ọ̀sán gangan ni ó ń ṣeré, ó sì ń jẹ ìṣáwùrú ní ti gidi. Tèmi máa ń lúwẹ̀ẹ́ kiri pọ̀ láàárín omi bí ọmọ iléèwé, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á bà sórí ewé kan ṣoṣo, wọ́n á máa fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Thailand ni ilẹ̀ wọn. Wọ́n ti ṣọ̀wọ́n gan-an nínú odò, nítorí náà, ẹ béèrè bóyá àwọn tí wọ́n mú bí sí oko ẹja ni wọ́n ń tà.

Àgbà-Odò fèsì:

Òótọ́ ni àbúrò mi sọ, ẹja dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ irú wọn, àwọn ọmọ edé kò ní pẹ́ lọ́wọ́ wọn, bí wọn kò bá sì pọ̀ tó, wọ́n lè máa já ìrù guppy jẹ. Táǹkì tí kò ní edé ni mo máa ń kó wọn sí.

Omi-Dákẹ́ fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Edé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, nítorí náà kuhli ni n óò mú, méje. Fóòmù ti wà lẹ́nu ọ̀pá láàárọ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n kó wọn wọlé tààrà, oúnjẹ wo ni n óò sì máa fún wọn?

Àgbà-Odò fèsì:

Ẹ kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú táǹkì kékeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú yanrìn díẹ̀ àti ibi tí wọn yóò sá sí. Bí ẹ bá rí àmì funfun wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ lára wọn, ẹ rọra gbé ooru omi lọ sí 30 °C, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ kún un. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ lo oògùn, ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìpẹ́ ara wọn kéré gan-an, orí wọn kò tilẹ̀ ní rárá, oògùn sì máa ń tètè wọ̀ wọ́n lára. Oúnjẹ tí ń rì ni kí ẹ fún wọn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná, torí bí iná bá ṣì ń tàn, àwọn neon ni yóò jẹ ẹ́ tán kí ó tó dé ilẹ̀. Tanwíjí àti ekòló tín-ín-tìn-ìn-tín ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ máa pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì tú ibùba wọn wò lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, ẹ fi iná pupa kékeré wò wọ́n ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ wọn.