«Ṣé ó tó píọ̀ wọ́tà kan?»

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹni tó bèèrè pé báwo ni obìnrin ṣe ń pín ara rẹ̀ sí ilé, ibi iṣẹ́ àti ìlú, mo kọ́kọ́ fẹ́ dá a lóhùn pé a kì í pín in, a máa ń yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ìgbà tí mo wá ro ẹni tí èmi ń yá a lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó.

Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ń gbé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Olùkọ́ ni bàbá àwọn ọmọ mi náà, ó tún ń dáko iṣu. Ọmọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ ọjà, mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣu, màá máa wọn ìfúnpá fún ẹni tó bá fẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. (Àwọn kan á rọra fi iṣu kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. N kì í bá wọn jiyàn.) Èyí kò le. Òru ló le, nígbà tí wọ́n bá wá kan fèrèsé láti pè mí sọ́dọ̀ ìyálọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti zóbò. Bí obìnrin bá bímọ tán, tí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ tó 500 mililítà, ó ti di ewu. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tan ènìyàn. Ìró á mu ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì á ní kò tíì pọ̀, títí òógùn tútù á fi bo ìyálọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tó jáde ní 2023, fi lo ọ̀rá tí wọ́n fàmì ìwọ̀n sí lára, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyálọ́mọ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn sínú rẹ̀. Bó bá ti dé ojú àmì, wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un lóògùn, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn kọjá ààlà, tàbí tó mú wọn dé iṣẹ́ abẹ tàbí ikú, dín kù ní ìdá 60 nínú 100.

Ọ̀rá alámì yẹn kò tó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa, ni mo bá lo ohun tó wà nílé. Ẹ wo ara ọ̀rá píọ̀ wọ́tà: 50cl. Ìyẹn ni 500 mililítà yẹn gan-an. Mo se zóbò, mo wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kan, mo sì dà á sórí ìró funfun níwájú kíláàsì. Ẹnu ya àwọn ọmọ. Wọn kò mọ̀ pé ó gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ló bá mi sẹ́ zóbò náà. Inú bí i pé n kò fi ṣúgà sí i. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo sì là á yé e látòkèdélẹ̀, bí ẹni pé ó ti wọ yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. Ẹnu olùkọ́ kì í dákẹ́.

Àsìkò kájú ni. Mo máàkì ìwé ìdánwò títí di aago méjìlá òru, mo sùn bí igi. Ohùn ọmọ mi ló jí mi, kì í ṣe ti ẹni tó ń kan fèrèsé. Yàrá tirẹ̀ ló kọjú sí títì. Mo gbọ́ ọ:

«Ṣé ọmọ ti jáde? Ibi ń kọ́? Ẹ̀jẹ̀ yẹn, ṣé ó tó píọ̀ wọ́tà kan?»

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, «Ó tó méjì.»

Ọmọ náà wọlé tọ̀ mí wá. «Mọ́mì, méjì ni.»

A dé ibẹ̀ bá ìyálọ́mọ lórí ìró mẹ́ta, ańkárá aláró dúdú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹ̀jẹ̀. Ibi ti jáde, ṣùgbọ́n ilé ọmọ rọ̀ bí ẹ̀bà tómi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ń ra á títí ó fi le bí ọsàn lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo fi misoprostol, oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ le, sí i lábẹ́ ahọ́n. Òun ni mo máa ń kó sínú báàgì, torí oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ń fẹ́ fíríìjì, ẹ sì mọ iná wa. A gbé e sínú mọ́tò bàbá àwọn ọmọ lọ sí ọsibítù, ọwọ́ mi kò kúrò níkùn rẹ̀ nínú gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Ó yè. Ọmọ náà yè.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí a padà. Àkọ́bí mi jókòó sí pálọ̀, ó ti wọ yúnífọ́ọ̀mù. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ní ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ti ṣèlérí lálẹ́ àná pé màá di ṣùkú fún un. Ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo máàkì. Ó ti tú irun rẹ̀ fúnra rẹ̀ dúró dè mí. Ìlàjì ló tú, ó ní apá ẹ̀yìn ń dun òun.

Ohun tó bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: «Ṣé kò kú?»

Rọ́bà ló fi kó irun yẹn jọ lọ síbi ìdánwò. Bàbá rẹ̀ ní, «Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni o.» Kò fi kún un. Mo ní èsì lẹ́nu, kò jáde.

*

Ọmọ Bùnú:

Ẹ kú ewu, màmá. Òṣìṣẹ́ ìlera lèmi náà. Mo dán ọgbọ́n zóbò yẹn wò lábúlé wa, àwọn ìyá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi. Ní ọ̀dọ̀ wa, aṣọ pupa tí a tẹ́ sílẹ̀ báyẹn ti jọ aṣọ ìpò, ti ìsìnkú ìjòyè. Ìyá kan ní ara búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ni wọ́n ti ń tú òwú pupa rẹ̀ láyé ijọ́un. Omi lásán ni mo ń lò báyìí. Ó ṣì ń yé wọn.

*

Ọkọ Nọ́ọ̀sì, Kàbà:

Ẹ má bínú sí bàbá àwọn ọmọ. Èmi ti fi báàgì ìyàwó mi pamọ́ rí, kó lè sùn. Ó gun ọ̀kadà lọ lọ́wọ́ òfo. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ ọjà méjì.

*

Èmi náà nìyí o. Ọmọ yege ìdánwò, ẹ ṣeun àdúrà. Mo ti gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kí n lè máa gbọ́ ẹni tó bá kan fèrèsé fúnra mi. Òru àná, wọ́n kàn án. Ó ti sáré dé iwájú, ó ti bèèrè ti ibi, kí n tó rí bàtà mi.