Àbúrò mi ń ka filọ́sọ́fì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, ó ní ètò ìlera lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ kan ló ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa. Àbúrò mi obìnrin wà ní ọdún kẹta ní Àgọ́-Ìwòyè, filọ́sọ́fì ló ń kà. Lọ́ọ̀ ló fi sí JAMB, máàkì ẹ̀ ò tó, wọ́n wá fún un ní filọ́sọ́fì, a ní kó gbà á ná tó bá di ọdún kejì kó yí i padà. Ọdún kejì dé, ó ní òun ò lọ ibì kankan mọ́. Lẹ́kítọ̀ kan ló kọ́ wọn ní kọ́ọ̀sì kan lórí ohun tó tọ́ àtohun tí ò tọ́ nídìí ìṣègùn, látìgbà yẹn ló ti ń sọ pé iṣẹ́ tí òun máa fi ayé òun ṣe nìyẹn, kí òun máa bá ìjọba àti ọsibítù ronú lórí ta ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n pín owó ìlera, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó tó, ẹ má fún mi lóògùn mọ́.

Bàbá wa ò fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n ní dókítà ló ni ọsibítù, kí lẹni tó ka ìwé Plato fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ṣé ó fẹ́ máa bá aláìsàn jiyàn ni? Wọ́n ti ní kó lọ ra fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. Ọmọ yẹn sunkún débi pé kò jẹun mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Bàbá.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ẹnì kan wà tó fi filọ́sọ́fì ṣe irú iṣẹ́ yìí tó sì jẹun níbẹ̀? Báwo ló ṣe gbé e gbà? Ẹ máa sọ òótọ́ fún mi, tí ò bá sí iṣẹ́ níbẹ̀ ẹ sọ ọ́.

Akọ̀wé Ṣàgámù:

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ béèrè, òótọ́ náà ni mo máa sọ. Ní Nàìjíríà yìí, mi ò tíì rí ibi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbé fáàkáǹsì jáde tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé onífilọ́sọ́fì làwọn ń wá fún ọsibítù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tó ń gbé e dúró, lẹ́kítọ̀ ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wá pè é sí kọ́mítì. Kó fọkàn sí PhD láti ìsinsìnyí. Tí kò bá ṣe tán láti kàwé pẹ́, kó gba ti Bàbá.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọmọ mi, mo kí ọ, bá mi kí Bàbá dáadáa. Èmi náà ti fi filọ́sọ́fì kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára, jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ilé ìwé tí àbúrò rẹ wà yẹn, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1982 tí wọ́n ń pè é ní Ogun State University, onífilọ́sọ́fì ni gíwá àkọ́kọ́ tó jẹ níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀. Òun kan náà lòun àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ Barry Hallen jọ lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn l'Ékìtì, tí wọ́n ń bi wọ́n léèrè bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tó ní òun mọ̀, ìwé tí wọ́n rí kọ níbẹ̀ jáde ní 1986. Bá mi sọ ìyẹn fún Bàbá, pé àwọn tó ń wo aláìsàn ni onífilọ́sọ́fì tó kọ́kọ́ darí ilé ìwé ọmọ wọn lọ bá jókòó.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àbúrò rẹ lọ ka ìtàn iṣẹ́ ẹ̀ ni Dan Brock, ará Amẹ́ríkà, ó kú ní 2020. Kì í ṣe dókítà. Yunifásítì Brown ló ti kọ́ni fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ní 1981 wọ́n pè é sí Washington pé kó wá bá kọ́míṣọ̀n kan ṣiṣẹ́, ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn ló yàn wọ́n láti wádìí ohun tó tọ́ nínú ìṣègùn, ó sì lo nǹkan bí ọdún kan lọ́dọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ojú ẹ̀ ti rí ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀ kó tó wọ iṣẹ́ yìí.

Ọ̀kan nínú ohun tí kọ́míṣọ̀n yẹn ń ṣe ni ìròyìn kan tó padà jáde ní 1983, lórí bóyá aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń bá òun mí kúrò. Àwọn tó wà nínú kọ́míṣọ̀n gbà pé kéèyàn pa èèyàn yàtọ̀ pátápátá sí kéèyàn jẹ́ kí àìsàn pa á, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ láti fọwọ́ sí i pé wọ́n lè yọ ẹ̀rọ. Lójú Brock, ìyàtọ̀ yẹn ò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò. Ká ní kíláàsì ni, ńṣe ló yẹ kó tú u palẹ̀ lójú wọn kí gbogbo wọn sì gbà. Àmọ́ tó bá tú u palẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Wọn ò ní torí ìyẹn sọ pé pípa náà dáa, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ kúrò mọ́, ẹni tó ń jẹ̀rora tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ òun á wá máa jẹ̀rora lọ. Ẹ̀yin wò ó! Òótọ́ tó mọ̀ lè ṣe aláìsàn tí kò rí sójú rí níbi. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú àpilẹ̀kọ kan ní 1987, ó ní iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni kó tọ òótọ́ lẹ́yìn débi tó bá gbé e dé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣètò ìlú gbọ́dọ̀ máa wo ohun tó máa tẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yọ, àwọn méjèèjì kì í sì í bára wọn gbé pẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí onífilọ́sọ́fì máa lọ bá wọn ṣe é fúngbà díẹ̀ kó sì padà sídìí ìwé ẹ̀.

Bóun náà ṣe ṣe é nìyẹn. Ní 1993 ó tún wà lára àwọn tó bá ìjọba Clinton ronú lórí ètò ìlera tí wọ́n fẹ́ ṣe, ètò yẹn ò bọ́ sí i, ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ní 2002 ó lọ sí NIH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera, nígbà tó di 2004 Harvard ló wà, ní ilé ìwé ìṣègùn wọn, òun ló ń darí ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà tó tọ́ níbẹ̀. Òun nìkan kọ́ o. Daniel Wikler, onífilọ́sọ́fì lòun náà, òun ló kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. L'Ẹ́ńgíláǹdì, Mary Warnock ni wọ́n fi ṣe alága kọ́mítì tó wádìí ọ̀rọ̀ oyún tí wọ́n ń ṣe nínú ìgò láàárín 1982 sí 1984, àbá tí wọ́n mú wá pé ìwádìí lórí irú oyún bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 14 wọ inú òfin wọn ní 1990.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí, wọ́n kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ara wọn dójú àmì, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ́ ti dókítà. Kò sí ẹni tó máa pe ẹni tí ò mọ bí wọ́ọ̀dù ṣe rí wá sọ̀rọ̀ nípa wọ́ọ̀dù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ ṣé gan-an ni sà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti ka ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣódípọ̀ yẹn fún Bàbá lórí fóònù, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n tún un kà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlú òyìnbó ni gbogbo ìyókù, níbi tí iná kì í lọ nínú ọsibítù. Níbí ńkọ́?

Sístà Rẹ́mọ:

Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ló kí wọn. Níbí gan-an la ti nílò irú ọmọ yẹn.

Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, mi ò ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́, dókítà ní àfi kí wọ́n gé e. Àwọn ọmọ wọn dé láti Èkó, wọ́n kóra jọ sí kọ́rídọ̀, wọ́n jiyàn jiyàn, ẹ̀gbọ́n àgbà wọn gba bírò ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ó ní ká má sọ fún Bàbá títí wọ́n á fi gbé wọn wọlé. Wọn ò níkà nínú o, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n rò pé tí Bàbá bá gbọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn á ru. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọpọlọ wọn pé, wọ́n ń ka Bíbélì wọn. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n ń pín níta yẹn tí wọn ò pè mí sí?”

Mi ò lè parọ́. Mo lọ bá dókítà, ó wá jókòó tì wọ́n, ó fi Yorùbá ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí àbúrò mi dé láti Ìpẹru ná, kí n gbọ́ tiẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbà. Tàdáwà tá a fi ń tẹ̀ka ti gbẹ, mo da omi díẹ̀ sí i, wọ́n fi àtàǹpàkò ara wọn tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù tuntun. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù náà látòkè délẹ̀ o, èmi ni mo ń kà á fún wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ ọ́ kedere pé ká sọ fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ká sì wo bó ṣe kàwé tó. Ta ló ń rí sí i pé à ń ṣe é? Dókítà kan, ogójì aláìsàn, ẹ sọ fún mi. Tí ẹnì kan bá wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni láti jókòó kó ronú pé báwo la ṣe máa ṣe é tí àwọn ọmọ ò fi ní bínú, tí Bàbá náà ò sì ní dẹni tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ bí ẹrù, a máa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ n'Íbàdàn:

Sístà, ẹ ṣé o. Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, Dan Brock tí Tíṣà Àgbà mẹ́nu bà àti Allen Buchanan kọ odindi ìwé lé e lórí, lórí bí èèyàn ṣe ń pinnu fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí ẹ má kàn sọ pé ẹni báyìí ti dàgbà, kò lè pinnu mọ́, ẹ wò ó lórí ìpinnu kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ò lè ṣírò owó báńkì ẹ̀ mọ́ ṣì lè mọ̀ bóyá òun fẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun. Tí kò bá wá lè sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀, tí kò bá sọ nǹkan kan ẹ ronú sí ohun tí irú ẹni tó jẹ́ máa fẹ́, tí ìyẹn náà ò bá sí ni kẹ́ ẹ tó wá wo ohun tó máa ṣe é lóore jù. Ibi tí èmi ò ti gbà fún wọn pátá ni pé nílé tiwa, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fúnra wọn ló máa ń fẹ́ kí ẹbí bá àwọn pinnu, bí Bàbá yẹn ṣe ní kí wọ́n dúró de àbúrò òun. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àbúrò yín, kò tíì tán rárá.

Ọ̀nà tó lè gbà: UI ní mástàs nínú bioethics, ìyẹn ẹ̀kọ́ lórí ohun tó tọ́ àtohun tí ò tọ́ nídìí ìṣègùn, ẹni tó ka filọ́sọ́fì lè wá a. Bákan náà ọsibítù tí wọ́n bá ti ń fi èèyàn ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ ní kọ́mítì tó ń yẹ ìwádìí náà wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 1996, tí Pfizer fún àwọn ọmọdé ní Trovan nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà, igba ọmọ ni wọ́n kó sínú ìwádìí yẹn, 11 kú nínú wọn, àwọn òbí sì ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009 ni Pfizer ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kánò. Nígbà tó fi máa di 2007, ìlànà ti wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adébámọ̀wọ́ sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ gan-an kí irú nǹkan yìí tó fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ wa, dókítà oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n o, ṣùgbọ́n àwọn onífilọ́sọ́fì náà ń bá iṣẹ́ náà lọ. Godfrey Tangwa ní Kamẹrúùnù, filọ́sọ́fì ló fi kọ́ni ní Yaoundé, ibí yìí ni wọ́n ti kàwé, wọ́n sì wà lára àwọn tí orúkọ wọn hàn jù n'Áfíríkà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin tó kọ́ni n'Ífẹ̀ kó tó lọ sí Howard náà kọ̀wé lé e lórí látìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì dá sí i.

Tíṣà Àgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ti Brock pé kéèyàn lọ fúngbà díẹ̀ kó padà, ó lè dáa níbi tí wọ́n pọ̀ sí. Níbí tí wọn ò ju díẹ̀ lọ, tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá kúrò ní kọ́mítì ta ló kù? Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ló tún le jù. Òfin 2014 yẹn ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ fún ìlera alábọ́dé, 2022 wọ́n tún sọ ìǹṣọ́ránsì ìlera di dandan. Ó dáa, kí ló yẹ kó wà nínú ẹ̀? Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bàjẹ́, a rí fọ́tò ẹ̀ lórí WhatsApp, ọkàn wa bàjẹ́, a dá owó jọ. Obìnrin tí ì bá má kú sórí ìkúnlẹ̀ ká ní nọ́ọ̀sì wà ní abúlé ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sẹ́ni tó rí fọ́tò tiẹ̀. Ẹni tó máa bá kọ́míṣọ́nà jókòó tó máa sọ ìyẹn láì bẹ̀rù, tó sì mọ ìṣirò ẹ̀, la ń wá. Kí àbúrò yín kọ́ sítátísíìkì o, kó má sá fún un.

Tíṣà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo gbà fún ọ níbẹ̀. Kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi kíláàsì sílẹ̀, kí wọ́n ní ibi tí wọ́n ti lè sọ òótọ́ tán pátá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó ti kà á. Bàbá ní kó parí filọ́sọ́fì náà ná, wọn ò sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì mọ́. Ó ní orí ọ̀rọ̀ Sístà yẹn lòun máa kọ pírójẹ́ẹ̀tì òun lé, ta ló ń pinnu fún àgbàlagbà ní ọsibítù. Sístà, tó bá fẹ́ wá bá àwọn aláìsàn àti nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ní Ṣàgámù tàbí Ìlíṣàn, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe?

Sístà Rẹ́mọ:

Kó má kàn wọlé o. Kó kọ prọpósà, kí lẹ́kítọ̀ ẹ̀ fọwọ́ sí i, kó gbé e lọ síwájú kọ́mítì ọsibítù tó bá fẹ́ lò, kó sì bẹ̀rẹ̀ ní kíá torí wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Kó ṣe fọ́ọ̀mù tí àwọn aláìsàn máa buwọ́ lù ní Yorùbá látilẹ̀, kó kà á sétí ìyá àgbà kan ládùúgbò yín kó tó mú un wá, tí kò bá yé ìyá yẹn kó tún un kọ.